Lórí Ìwé Ló Wọ́

Nínú gbogbo àwọn tí mo mọ̀ tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ àjọ aláàánú àti iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ní Port Harcourt, n kò rí ẹnì kan tó jáde nílé ìwé pẹ̀lú èrò pé iṣẹ́ tí òun máa fi jẹun nìyẹn. Agbẹ̀bí ni ọ̀kan nínú wọn. Agbẹjọ́rò ni òmíràn. Ọ̀kan ń ka ìròyìn lórí rédíò, ọ̀kan sì ń ta ẹja gbígbẹ ní ọjà Creek Road. Èésú tó ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó jọ ni wọ́n fi mọ̀ pé ó ṣeé fọkàn tán, kó tó di pé wọ́n ń ránṣẹ́ pè é sí ìpàdé tí kò jẹ mọ́ ẹja rárá. Èmi fúnra mi, olùkọ́ bàólọ́jì ni mí. Àgùnbánirọ̀ ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ Ìpínlẹ̀ Rivers, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ikú Ken Saro-Wiwa, mo sì gbà pé bí ọdún náà bá ti pé, ilé ni mò ń lọ.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá sọ́dọ̀ mi báyìí kò fẹ́ gbọ́ ìyẹn. "Mà, ìwé wo ni kí n lọ kà?" ni wọ́n máa ń bi mí. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń béèrè. Ìkéde iṣẹ́ tí wọ́n ń rí ń sọ pé àwọn ń fẹ́ ẹni tó ní oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ ìdàgbàsókè, tó sì ti ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún ọdún márùn-ún láìyà sí ibòmíràn. Bí àgbà bá ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ẹni tó ń wáṣẹ́ lè dáhùn pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ṣí sílẹ̀ fún òun, wọ́n sì ti àwọn tó kù pa. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n mo ní ohun kan láti fi síwájú ẹni tó ń wáṣẹ́ àti ẹni tó ń gbani síṣẹ́: ọ̀nà tó rí kọ́lọkọ̀lọ lórí ìwé lè jẹ́ èyí tó tọ́ jù lọ lórí ilẹ̀.

Ẹ wo Saro-Wiwa fúnra rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1941. Ó lọ sí ilé ìwé ìjọba ní Umuahia, lẹ́yìn náà ó wá sí Yunifásítì Ìbàdàn láti kẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà ogun abẹ́lé, wọ́n fi í ṣe alábòójútó Bonny. Ó di kọmíṣánnà ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ó sì wà nípò náà títí di 1973. Lẹ́yìn ìyẹn ó ṣòwò, ó ra ilé, ó tà á, ó kọ̀wé, ó dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀. Láti 1985, òun ló ń gbé eré Basi and Company jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, eré tí àwa ọmọdé ilẹ̀ Yorùbá kì í fẹ́ kó kọjá wa. Bí ẹnì kan bá gba CV ọkùnrin yìí ní 1989 láti fi gbà á síṣẹ́, kí ni ì bá pè é? Onísòwò ni? Òǹkọ̀wé ni? Òṣèlú tí ipò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni? Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn Ogoni dá ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ wọn, MOSOP, sílẹ̀, tí wọ́n sì kọ ìwé ẹ̀tọ́ wọn ránṣẹ́ sí ìjọba. Ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní 1993, nǹkan bí 300,000 ọmọ Ogoni jáde sójú títì, ìyẹn ju ìdajì gbogbo ẹ̀yà náà lọ, wọn kò sì gbé ohun ìjà dání. Shell kúrò ní ilẹ̀ Ogoni lọ́dún náà. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá 1995, ìjọba ológun yẹgi fún òun àti àwọn mẹ́jọ mìíràn nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Port Harcourt.

Àwọn èèyàn sábà máa ń sọ nípa ikú rẹ̀. Èmi máa ń ronú nípa bí gbogbo ìyànà yẹn ṣe wúlò. Òwò ló fún un ní owó tí kò fi ní láti tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó sọ̀rọ̀. Ipò kọmíṣánnà jẹ́ kó mọ bí ìjọba ṣe ń rìn nínú ilé. Eré tẹlifíṣọ̀n kọ́ ọ bí a ṣe ń bá ẹni tí kò kàwé sọ̀rọ̀ kó sì gbádùn rẹ̀. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí ì bá kó gbogbo ìyẹn jọ fún un.

Ilé ìwé gírámà kan ní etídò ni wọ́n fi mí sí ní tèmi. Mo ya odò sójú pátákó bí ìwé ṣe kọ́ mi: ewé tó já sínú omi, kòkòrò tó ń jẹ ewé, ẹja kékeré tó ń jẹ kòkòrò, ẹja ńlá tó ń jẹ kékeré. Ọmọdébìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní odò tí mo yà yẹn kì í ṣe tiwọn. Ó ní ìṣáwùrú tí ìyá òun ń ṣà lẹ́bàá ilé nígbà tó wà lọ́mọge, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ báyìí kí wọ́n tó rí i ṣà, epo sì máa ń wà lára rẹ̀. N kò rí ìdáhùn nínú ìwé tí mo mú dání. Nírọ̀lẹ́ mo bá a délé. Ìyá rẹ̀ bi mí bóyá mo lè bá àwọn obìnrin àdúgbò kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe fún ìlú nìyẹn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹja ni wọ́n fi dúpẹ́, wọ́n sì ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nítorí pé lẹ́tà mìíràn wà.

Láti ìdí lẹ́tà ni ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Àlejò ní ojú, kò fi ríran. Ọ̀pọ̀ ọdún àkọ́kọ́ mi lọ sínú bíbéèrè kí n tó lanu. Ní ìlú tí Ikwerre, Ogoni, Kalabari, Okrika, Etche, Ekpeye àti Andoni ti pàdé, tí Igbo sì pọ̀ níbẹ̀, tí àwa Yorùbá náà kò kéré, pijin ni gbogbo wa fi ń gbọ́ ara wa yé. Mo kọ́ pijin tí mo lè fi ṣàlàyé ohun tí kòkòrò ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀ láìdẹ́rù ba ẹni tó ń gbọ́. Nígbà tí owó Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní PEPFAR bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fún ìtọ́jú HIV lẹ́yìn 2003, pijin yẹn àti bàólọ́jì yẹn ni wọ́n fi gbà mí. Lẹ́yìn ìyẹn mo bá àwọn tó ń jà fún àwọn ará etídò rìn. Lẹ́yìn ìyẹn mo di ẹni tó ń ran ìgbìmọ̀ ìlú lọ́wọ́ láti pín owó iṣẹ́ ìdàgbàsókè. Lẹ́yìn ìyẹn mo tún padà sí ìlera nítorí Ebola. Ìyá mi kò rí orúkọ pe iṣẹ́ mi. Bí wọ́n bá lọ sí òde ayẹyẹ ní Ìjẹ̀bú, tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń ka ọmọ tó jẹ́ dókítà àti èyí tó wà ní báńkì, wọ́n á ní, "Èyí tó wà ní Port Harcourt ń bá wọn tún ìlú ṣe." Lálẹ́ wọ́n á pè mí lórí fóònù: "Ṣé wọn ò lè gbà ẹ́ sí ilé iṣẹ́ epo ni?" Ìfẹ́ ló mú wọn béèrè, n kò sì rí èsì tó tẹ́ wọn lọ́rùn títí wọ́n fi lọ.

Ohun tí n kò mọ bí màá ṣe ṣàlàyé fún wọn ni pé láàárín gbogbo àyípadà wọ̀nyí, àwọn èèyàn kan náà ni mò ń bá rìn. Obìnrin tó ní kí n kọ lẹ́tà ni mo tún bá pàdé níbi ìpàdé HIV. Ọmọ rẹ̀ ni mo bá nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ní ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò etídò tí ìjọba fẹ́ wó, ló ṣí ilé fún wa láti ṣèpàdé. Iṣẹ́ ló ń yí orúkọ padà nítorí pé owó ló ń yí orúkọ padà. Lọ́dún kan, ohun tó wà lọ́kàn àwọn olówó ni HIV. Lọ́dún mìíràn, àlàáfíà ni, nítorí pé ìjọba Yar'Adua ti dárí ji àwọn ajìjàgbara inú odò ní 2009. Lẹ́yìn náà, ìwẹ̀mọ́ ilẹ̀ tí epo bà jẹ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ dúró ti ìlú kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ máa gba orúkọ iṣẹ́ tuntun kó lè ríbi dúró. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá kan tí mo mọ̀, tí CV rẹ̀ tọ́ bí okùn tí a fà le: orúkọ ipò kan náà, owó oṣù tó ń gòkè, ìpínlẹ̀ tuntun ní ọdún méjì-méjì. Iṣẹ́ rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ilẹ̀ tó rìn, òun ló rìn káàkiri jù, kò sì sí ìlú kan tí wọ́n lè pè é lóru.

Ọ̀rọ̀ agbẹ̀bí tí mo dárúkọ ṣáájú kò gbọ́dọ̀ kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Ní 2006, Shell bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní GMoU lágbègbè wa. Chevron ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú. Kó tó dìgbà náà, ilé iṣẹ́ epo máa ń bá abúlé sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí wọ́n bá sì rò pé ó yẹ ni wọ́n ń kọ́. Ẹ ó rí ilé ìwòsàn tí kò ní nọ́ọ̀sì, ẹ ó rí táǹkì omi tí omi kò wọ̀ rí. Ètò tuntun yìí kó àwọn abúlé tó múlé gbe ara wọn sínú ẹgbẹ́ kan, ó gbé owó ọdún mélòó kan kalẹ̀, ó ní kí ìgbìmọ̀ wọn fúnra wọn yan ohun tí wọ́n fẹ́, kí àwọn àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba sì dúró tì wọ́n láti tọ́ wọn sọ́nà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ríṣẹ́.

Ní ìpàdé kan, àwọn ọkùnrin ní gbọ̀ngàn ìlú ni àwọn ń fẹ́. Olóyè sọ̀rọ̀, olórí ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀, àwọn obìnrin jókòó lẹ́yìn, wọ́n pàtẹ́wọ́. A kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i. Nígbà tí gbogbo wa ń wọ ọkọ̀, agbẹ̀bí yìí kò sí láàárín wa. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fọ ìkòkò tí wọ́n fi se oúnjẹ ìpàdé. Kò bi wọ́n léèrè ohun tí ìlú ń fẹ́. Ó bi wọ́n pé níbo ni aláboyún ti máa ń wọ ọkọ̀ bí ìrọbí bá dé. Wọ́n fi pákó kan hàn án, tó wà lórí ẹrẹ̀ tó ń yọ̀. Wọ́n wá sọ orúkọ àwọn tó ti ṣubú níbẹ̀ fún un. Ìbéèrè yẹn kò sí nínú fọ́ọ̀mù kankan. Ẹni tó ti gbẹ̀bí lóru ló lè mọ̀ ọ́n bi.

Kò gbé e lọ sójú ìpàdé, kí ojú má baà ti olóyè. Ó gbé ọtí, ó lọ bá bàbá náà nílé, ó sọ ohun tó rí. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, olóyè fúnra rẹ̀ ló dìde tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ èbúté tó ní àtẹ̀gùn, kí gbọ̀ngàn dúró ná. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo rí àtẹ̀gùn yẹn, mo sì ti tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, obìnrin yìí kọ̀wé béèrè fún ipò olùdarí ètò àwọn obìnrin ní àjọ ńlá kan. Wọ́n dá a lóhùn pé ọdún tó lò ní yàrá ìgbẹ̀bí kì í ṣe ìrírí tó jẹ mọ́ iṣẹ́ náà. Ó ti pẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Ní oṣù kẹjọ 2014, ẹnì kan tó ti fara kan aláìsàn Ebola ní Èkó wá sí Port Harcourt. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ kó àrùn náà, ó sì kú. Ó lé ní 500 èèyàn ní ìlú yìí tí wọ́n ní láti máa ṣọ́ fún ọjọ́ 21, kí wọ́n máa wọn ìgbóná ara wọn lójoojúmọ́, kí wọ́n sì rí i pé wọn kò sá. Ẹ ronú ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ní Diobu, níbi tí ìdílé mẹ́wàá lè máa lo bàlùwẹ̀ kan. Ọkọ̀ ìjọba dé, àwọn tó wọ aṣọ ìdáàbòbò sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ilẹ̀kùn sì tì gbọn-in. Mo rántí onídìrí kan tó ti ń gbé oògùn pólíò kiri ojúlé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó lọ pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀, ó dúró lójú àgbàlá, ó ń fi orúkọ àwọn ọmọ tó ti fún ní oògùn pe ìyá wọn. Ilẹ̀kùn ṣí. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà: èèyàn 20 ló mú, mẹ́jọ ló kú. Ayé yìn wá, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ ribiribi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí, apá kan nínú ìṣẹ́gun yẹn wà nínú orúkọ àwọn ọmọ tí onídìrí mọ̀ sórí.

Ẹ má rò pé mò ń ké sí ayé àtijọ́ kó padà wá. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo mọ àjọ tí àpò ọ̀gá àti àpò ọ́fíìsì jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹni tó bá béèrè ibi tí owó wọlé sí, ọ̀tá iṣẹ́ ni wọ́n ń pè é. Lónìí, ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé owó, olùṣirò owó láti ìta ń wá yẹ ìwé wò, òfin sì wà lórí ẹni tó lè dá wà pẹ̀lú ọmọdé. Èyí tó kẹ́yìn yẹn nìkan tó fún mi láti dúpẹ́ pé àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ yìí dé. Bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ ìròyìn iṣẹ́ lóru títí iná fi lọ, ọmọ gidi ni wọ́n.

Àkókò ni ohun tí a pàdánù. Ní oṣù kẹjọ 2011, àjọ UNEP ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè gbé ìwádìí wọn lórí ilẹ̀ Ogoni jáde. Wọ́n yẹ ibi tó lé ní 200 wò, wọ́n rìn tọ 122 kìlómítà ọ̀nà páìpù epo, wọ́n ka àkọsílẹ̀ ìlera 5,000 èèyàn. Ní Nisisioken Ogale, wọ́n bá kẹ́míkà benzene nínú omi kànga tí àwọn èèyàn ń mu, ó sì fi ìlọ́po 900 ju ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí lọ. Wọ́n ní ó lè gba ọdún 25 sí 30 kí ilẹ̀ náà tó padà bọ̀ sípò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Òṣínbàjò, igbá-kejì ààrẹ nígbà náà, ló lọ ṣí iṣẹ́ ìwẹ̀mọ́ ọ̀hún ní Bodo ní oṣù kẹfà 2016. Ìròyìn UNEP kan náà sọ pé ó lé ní 23,000 èèyàn tó wá sí ìpàdé tí wọ́n bá àwọn ará ìlú ṣe. Mo máa ń tún iye yẹn kà. Èèyàn kò kàn ń dédé kóra jọ nílẹ̀ tí ìbínú ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ló lọ láti ilé dé ilé. Ẹnì kan ló mọ̀ pé ìdílé yìí kì í jókòó pẹ̀lú ìdílé yẹn láti ọjọ́ pípẹ́, tó sì wá ibi tí àwọn méjèèjì lè gbà láti jókòó.

Iṣẹ́ 30 ọdún nìyẹn. Àdéhùn iṣẹ́ tí a ń fún àwọn tó ń lọ láti ilé dé ilé, oṣù 12 ni, nígbà mìíràn oṣù mẹ́fà. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé kì í ṣe àìnísùúrù àwa òṣìṣẹ́ ló ń jẹ́ kí ọ̀nà wa wọ́. Àwọn tó ń gé iṣẹ́ gígùn sí wẹ́wẹ́ ló gé e, àwọn náà ló sì ń bi wá léèrè ìdí tí a kò fi dúró sójú kan. Ọmọ tó bá fi oṣù mẹ́fà ka fọ́ọ̀mù lórí tablet ní abúlé kan, tó sì lọ, kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ohun tí wọ́n rò pé ó fẹ́ gbọ́ ni wọ́n sọ fún un. Mo ti bá a pàdé lọ́pọ̀ ìgbà: ìlú tí gbogbo ìdáhùn inú tablet wọn dára, tí ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ kí oṣù tó parí.

Àwọn ará etídò Port Harcourt kọ́ mi ní apá kejì ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ń kó ẹrẹ̀ inú odò, tí wọ́n ń pè ní chicoco, wọ́n ń fi í kún omi títí yóò fi di ilẹ̀ tí wọ́n lè kọ́lé sí. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ wó àdúgbò etídò Njemanze ní oṣù kẹjọ 2009, tí wọ́n sì ní àwọn tó kù ń bọ̀, àwọn tí àjọ CMAP kó jọ kọ́ bí a ṣe ń ya máàpù àdúgbò wọn, bí a ṣe ń gba ohùn sílẹ̀, bí a ṣe ń ṣe ètò rédíò. Fọgánáísà di ayàwòrán máàpù, akẹ́kọ̀ọ́ di akọ̀ròyìn. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n kọ CV, yóò wọ́. Ṣùgbọ́n àdúgbò kan náà ni wọ́n ń gbé, òun náà ni wọ́n ń dáàbò bò.

Ọdún 2025 dán gbogbo wa wò. Ní oṣù kìíní, ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 1 oṣù keje, USAID ti kógbá sílé. Ní ìlú wa, àwọn èèyàn jí lọ́jọ́ kan, wọ́n gba ìwé pé kí wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo mọ ẹni tó ń san owó ilé ìwé ọmọ mẹ́ta. Mo mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé. Kò sí owó ìfẹ̀yìntì fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, nítorí pé àdéhùn kékeré-kékeré kì í bí owó ìfẹ̀yìntì. N kò ní fi òwe bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Nígbà tí ọ̀dọ́ bá béèrè lọ́wọ́ mi báyìí, mo máa ń sọ fún un pé kó ní iṣẹ́ ọwọ́ tàbí òwò kan tó lè gbé e dúró bí àjọ bá lọ, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ìtìjú ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń bá àwọn tó ní HIV ṣèpàdé lóṣooṣù ti padà sí iṣẹ́ ìtẹ̀wé tó kọ́ kó tó wọ àjọ. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Mile 3 ni wọ́n ti ń ṣèpàdé báyìí, láìsí owó ọkọ̀, láìsí oúnjẹ. Àwọn tó ń wá kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń wá kò sì padà lẹ́yìn oògùn wọn. Nínú CV rẹ̀, ohun tí wọ́n máa rí fún ọdún yìí ni "atẹ̀wé".

Bí ọ̀nà kan ti ń dí, òmíràn ń là. Òfin epo rọ̀bì tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ 2021 sọ pé kí ilé iṣẹ́ epo máa fi ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ná sórí iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá sínú àpò àwọn ìlú tó gbà á lálejò. Ìdá 75 nínú owó yẹn wà fún iṣẹ́ ńláńlá, 20 fún ìpamọ́, kí owó ìṣàkóso má sì ju 5 lọ. Bí wọ́n bá ba páìpù jẹ́ nílùú, owó àtúnṣe yóò jáde láti inú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìlú ló wá di agbanisíṣẹ́ báyìí. Ó tó ohun tí à ń yọ̀ sí, ó sì ń bà mí lẹ́rù, nítorí pé mo ti rí ìkéde iṣẹ́ tí irú àwọn ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ń kọ. Wọ́n ti lọ da ti àwọn àjọ òkèèrè kọ láìyọ ọ̀rọ̀ kan: oyè kejì, ọdún márùn-ún, irú iṣẹ́ kan náà.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú wọn ní kí n wá jókòó tì wọ́n níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún ẹni tí yóò máa bá àwọn ìlú sọ̀rọ̀. Àwọn méjì ló kù nígbẹ̀yìn. Iṣẹ́ ti ọ̀kan tọ́ gbọnrangandan. Èkejì jẹ́ ọmọbìnrin agbègbè náà: ó ti ta oògùn ní kẹ́míìsì, ó ti gbé oògùn pólíò, ó ti kọrúkọ àwọn ará ìlú fún ìwádìí, ó ti ṣe ètò ìlera lórí rédíò, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2025. Alága ní ọmọ yìí kò tíì mọ ohun tó fẹ́ fi ayé rẹ̀ ṣe. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bi àwọn méjèèjì ní ìbéèrè kan: níbi tí ẹ ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, báwo ni ohun tí ẹ fi sílẹ̀ ṣe wà lónìí? Ti àkọ́kọ́ ka iye tó wà nínú ìròyìn ìparí iṣẹ́, ó sì kà á dáadáa. Ti èkejì ní pọ́ǹpù omi kan ti bà jẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé awakọ̀ ojú omi kan ni wọ́n fún lówó láti ra irin tuntun wá, awakọ̀ náà kò sì tíì gbé e dé. Ó ti ń bínú sí i níwájú wa níbẹ̀.

Wọ́n gba ti àkọ́kọ́ sí ọ́fíìsì, n kò sì lòdì sí i, nítorí pé ìgbìmọ̀ nílò ẹni tó lè kọ ìròyìn. Wọ́n fún ọmọbìnrin náà ní àdéhùn oṣù mẹ́fà. Mo kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n sọ ọ́ di ọdún mẹ́ta. Mo ṣírò rẹ̀ fún wọn pé owó rẹ̀ kò ní mú wọn kọjá ìdá márùn-ún tí òfin fi sílẹ̀. Alága ti gba lẹ́tà náà, ó sì ní ìgbìmọ̀ yóò jókòó lé e lórí lóṣù tó ń bọ̀.